Nígbà tí Aládùúgbò bá Fi Ajá Sùn

Nínú gbogbo ariwo tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ìtòsí ara wọn ní ìlú ńlá, ti ajá ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó yí rédíò rẹ̀ sókè tàbí tí ó tan jẹnẹrétọ̀ mọ̀ pé òun ń pariwo, ṣùgbọ́n olájá, èyíinì ni ẹni tí ó ń sin ajá, lè má mọ̀ rárá, nítorí pé bí ó bá ti ti géètì tí ó sì bọ́ sí ojú títì láàárọ̀ ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì darí dé nírọ̀lẹ́, ìrù jíjù ni ajá fi ń pàdé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dáhùn tọkàntọkàn, nígbà tí ẹ̀sùn bá dé, pé ajá òun kì í gbó lásán, tí ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá yóò sì rò pé irọ́ ni ó ń pa. Bí olájá bá lè gbà pé aládùúgbò yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀, ẹ̀sùn náà yóò di ìròyìn nípa ohun tí ajá ń ṣe nígbà tí ilé bá dá, ọ̀nà àbáyọ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ọ̀nà tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ń gbà dé etí olájá ní àwùjọ Yorùbá tún yẹ fún àkíyèsí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ajá dí i lọ́wọ́ oorun. Yóò kọ́kọ́ fara dà á, lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣàwàdà níbi tí wọ́n bá ti ń kí ara wọn, pé “ajá yín yìí mà lóhùn o,” bí ìyẹn kò bá sì wọlé, yóò ní kí ìyàwó òun bá ìyàwó olájá sọ ọ́, tàbí kí ó mú ọ̀rọ̀ tọ kiatéká lọ, ìyẹn ẹni tí onílé fi sípò láti máa bójú tó ilé àti àwọn ayálégbé. Nígbà tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra, sùúrù rẹ̀ ti tán kí olájá tó gbọ́ gbólóhùn kan. Olájá tí ó bá rò pé ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò máa wo aládùúgbò bí oníbìínú, bẹ́ẹ̀ oorun ọ̀pọ̀ oṣù ni ó wà nínú ìbínú náà. Ọ̀rọ̀ tilẹ̀ tún lè lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, irú bíi Tanímọ̀la, kí wọ́n lè máa fi pípe ajá sọ ohun tí wọn kò lè wí lójú alájọgbé wọn. Ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn tí a fi ajá sùn lè máà jẹ́ ti ajá rárá.

Etí aládùúgbò kì í sì í ṣe etí tí ó yẹ kí ènìyàn fojú di. Ní ọdún 2005, Péter Pongrácz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Eötvös Loránd ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n gba ohùn àwọn ajá darandaran sílẹ̀ ní oríṣiríṣi ipò, bí ìgbà tí àlejò dé, ìgbà tí wọ́n so ajá mọ́ igi tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ, àti ìgbà tí ó ń ṣeré, tí wọ́n wá ní kí àwọn ènìyàn fi etí nìkan sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn olùgbọ́ náà gbà á ju bí ẹni tí ó kàn ń méfò lásán yóò ti gbà á lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí fún àwọn tí kò sin ajá rí pàápàá. Ní Amẹ́ríkà, Sophia Yin àti Brenda McCowan ti fi ẹ̀rọ ṣe àyẹ̀wò gbígbó ajá ní 2004, wọ́n sì rí i pé èyí tí ajá ń gbó sí ohun tí ó dà á láàmú máa ń rinlẹ̀, ó máa ń le, ó sì máa ń yára tẹ̀lé ara wọn, nígbà tí ti ajá tí a dá fi sílẹ̀ máa ń ga lóhùn tí ó sì máa ń lọ sókè sódò. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá sọ pé ajá náà ń gbó bí ẹni tí ń sunkún, ó ṣeé ṣe kí ó ti sọ ìdí rẹ̀ láìmọ̀.

Ìdí tí ajá fi ń gbó pọ̀, ṣùgbọ́n mélòó kan nínú wọn ni ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú bíi Èkó àti Ìbàdàn. Ajá tí a so mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí kò rí ẹnikẹ́ni bá ṣeré, yóò gbó nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ajá tí ilé rẹ̀ kọjú sí géètì onírin tí ó ṣí sílẹ̀ yóò gbó sí gbogbo oníkìrì, gbogbo ọ̀kadà àti gbogbo ewúrẹ́ tí ó bá kọjá, ó sì máa ń rò pé òun ni òun lé wọn lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń kọjá yóò ṣáà kọjá. Bí ó ṣe ń rí i pé iṣẹ́ òun ń so èso ni yóò máa tẹra mọ́ ọn. Ebi, òùngbẹ, eégbọn àti àìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ajá tí ó ti darúgbó sì lè máa gbó lóru nítorí pé òye rẹ̀ ti ń dàrú. Etí ajá tún ń gbọ́ ohùn tí ó tín-ín-rín ju èyí tí ènìyàn lè gbọ́ lọ: nígbà tí agbára ènìyàn dé nǹkan bí 20,000 ìgbọ̀nrìrì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ajá lè dé 45,000, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó dà bí gbígbó lásán lójú olówó rẹ̀ lè ní ìdí tí etí ènìyàn kò ká.

Bí ariwo náà ti tó ni a ń fi dẹ̀síbẹ̀lì wọ̀n, èyí tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n bí ohùn ti le tó. Àkọsílẹ̀ Guinness fi hàn pé ajá kan tí ń jẹ́ Charlie, ní ìlú Adelaide lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, gbó dé ìwọ̀n 113.1 ní 2012. Ajá inú àgbàlá kì í dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò kí ó dé ibẹ̀ kí ó tó jí ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 1999 pé kí ariwo inú yàrá tí ènìyàn ń sùn má ju 30 lọ, kí ohùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ó bá sọ sókè má sì kọjá 45. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASEPA, àjọ tí ń ṣọ́ àyíká, fi 55 sí ọ̀sán àti 45 sí òru fún àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé. Òru ni ó máa ń dun aládùúgbò jù, kì í sì í ṣe nítorí oorun nìkan: bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kú, kò sí ohun tí yóò bo ohùn ajá mọ́lẹ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ilẹ̀ bá ti tutù tí afẹ́fẹ́ òkè sì gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ohùn tí ì bá gòkè lọ yóò tẹ̀ padà sísàlẹ̀, yóò sì rin jìnnà ju ti ọ̀sán lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olájá ṣe, nígbà náà, ni kí ó béèrè. Bí ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí, “Ẹ má bínú sà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, àsìkò wo gan-an ló máa ń gbó jù?” ti tó láti tu ìbínú lójú, nítorí pé ó fi hàn pé a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ sí tòsí fèrèsé nígbà tí ó bá ń jáde, kí ó sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bá dé. Ọ̀pọ̀ ìjà ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ yìí lè parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yálà nítorí pé olájá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí kò gbàgbọ́, tàbí nítorí pé ó hàn gbangba pé ajá ojúlé kejì ni ó ń gbó. Ó tún dára kí a wádìí bóyá ìbẹ̀rù ni ó wà lábẹ́ ẹ̀sùn náà, nítorí pé ẹni tí ó ní ọmọ kékeré lè máa sọ ti ariwo nígbà tí ó jẹ́ pé dìgbòlugi, àrùn tí ajá ń fi eyín kó ran ènìyàn, ni ó ń bà á lẹ́rù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò láti rí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá náà àti géètì tí ó tì dáadáa.

Àtúnṣe tí ó rọrùn jù kì í náni lówó púpọ̀. Kí a gbé ilé ajá kúrò lára ògiri tí ó pààlà pẹ̀lú yàrá aládùúgbò, kí a fi páànù tàbí pákó bo ojú géètì kí ajá má máa rí ẹni tí ń kọjá, kí a sì mú un wọ balùwẹ̀ ẹ̀yìn, ìdáná ìta tàbí gáréèjì sùn lóru: nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí lè dín ariwo kù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ajá tí ń gbó nítorí ìdánìkanwà fẹ́ nǹkan mìíràn. Ó yẹ kí a mú un rìn jáde pẹ̀lú okùn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó sáré kí ó sì rẹ̀ ẹ́, kí a fún un lóúnjẹ, kí a sì fi egungun ńlá tí kò tíì wọnú iná sílẹ̀ fún un láti máa họ nígbà tí ilé bá dá. A tún gbọ́dọ̀ kọ́ ọ láti dá wà díẹ̀díẹ̀, nípa jíjáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí a sì padà nígbà tí ó bá dákẹ́, kì í ṣe nígbà tí ó ń gbó, nítorí pé bí olówó rẹ̀ bá wọlé lójú gbígbó, ajá ti kọ́ pé gbígbó ni ó mú un wá. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí olájá bá ń pariwo mọ́ ọn láti inú yàrá. Lójú ajá, ẹlẹgbẹ́ ti bá a dá sí i nìyẹn.

Àwọn àtúnṣe kan wà tí ó burú ju àìsàn lọ. Bí a bá na ajá nírọ̀lẹ́ fún gbígbó tí ó gbó lọ́sàn-án, kò ní mọ ohun tí a torí rẹ̀ nà án. Bí a bá fi okùn di ẹnu rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ nínú ooru, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, nítorí pé mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ẹnu lílà ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ìgbànú ọrùn tí ń fi iná mànàmáná gún ajá ni ìjọba orílẹ̀-èdè Wales ti kà léèwọ̀ láti 2010, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí lórí ẹran ọ̀sìn ilé ní 1987 sì lòdì sí iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gé ohùn ajá. Èyí tí ó burú jù ni ti aládùúgbò tí ó ju ẹran tí a fi ọ̀tapiapia sí sínú àgbàlá lóru. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Nàìjíríà, ní abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san owó ìtanràn 50 náírà, iye tí kò ra búrẹ́dì mọ́. Ṣùgbọ́n májèlé kì í mọ ajá yàtọ̀ sí ọmọ tí ń rá kòrò.

Àwáwí tí ó lágbára jù lẹ́nu àwọn olájá ni pé ajá ni ó ń lé olè, àti pé aládùúgbò tí ń ráhùn wà lára àwọn tí ń jàǹfààní rẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹjọ́ náà dé ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó dé. Ajá tí ń gbó sí ewúrẹ́, sí ẹyẹ àti sí ọlọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti kọ́ gbogbo àdúgbò láti máa ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́, lọ́jọ́ tí olè bá sì fo fẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tí yóò yọjú lójú fèrèsé.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú láàárín ẹni méjì, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tí kì í sábà fẹ́ dá sí i, ibi púpọ̀ wà tí wọ́n lè kọ́kọ́ lọ. Onílé lè tọ́ka sí ìwé àdéhùn ilé bí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí a mọ̀ sí CDA sì lè pe àwọn méjèèjì jókòó. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ibùdó ìlàjà kan wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CMC, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, tí kì í sì í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá gbé aáwọ̀ wá. Ilé ẹjọ́ ni ó kẹ́yìn, níbi tí aládùúgbò ti lè fi hàn pé ariwo náà kò jẹ́ kí òun gbádùn ilé òun bí ó ti yẹ. Fún àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Ìlú Ọba, ọ̀nà náà kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: lábẹ́ òfin àyíká ti 1990, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ wádìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì rí i pé ariwo ajá náà ti kọjá ààlà, wọn yóò fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, ẹni tí kò bá sì tẹ̀lé e láìní àwáwí gidi ti dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin.

Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ohun kan náà ni wọn yóò béèrè: ọjọ́ wo, aago mélòó, fún ìgbà tí ó pẹ́ tó. Olájá tí ó ti ń kọ wọ́n sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó sì ń padà lọ bi aládùúgbò léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bóyá nǹkan ti dára díẹ̀, ní ohun tí yóò fi hàn bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ òtítọ́, ó sì ní i bákan náà bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkejì kàn kórìíra ajá.