Yunifásítì Ìlọrin àti Ìyípadà Ìlò Ilẹ̀ ní Tanke

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní ọdún 1975, abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ wà. Ọdún 1977 ló tó dá dúró. Ọgbà kékeré kan láàrin ìlú ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1982, àwọn ẹ̀ka bíi sáyẹ́ǹsì ṣí lọ sí ibùdó ayérayé tó wà lẹ́yìn Tanke, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 15,000. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé ilẹ̀ tí wọ́n gbà yìí ni gbogbo ìyípadà náà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà kò tíì rí búlọ́ọ̀kù: igbó, ìsédò, ọgbà ẹranko àti oko igi ló wà níbẹ̀. Ìta ọgbà ni ìlò ilẹ̀ ti yí padà jù.

Yunifásítì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ilé ìgbé inú ọgbà kò gba ju díẹ̀ lára wọn lọ. Gbogbo ibùsùn tí kò sí nínú ọgbà, orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò wà. Báyìí ni oko ṣe ń di ilé àgbéháyà ní Tanke àti Òkè-Odò, tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ sì tò sí etí títì. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tipper Garage. Orúkọ ọkọ̀ akóyanrìn ni àdúgbò ń jẹ́, èyí tó bá ìtàn rẹ̀ mu.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí pulọ́ọ̀tì kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, hẹ́kítà kan yóò mú bíi 21 jáde kí a tó yọ ọ̀nà kúrò. Kò sí bí iṣu àti àgbàdo orí hẹ́kítà náà ṣe lè pa iye owó bẹ́ẹ̀ wọlé, pàápàá nígbà tí apá kan ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi. Kò yani lẹ́nu pé ẹbí onílẹ̀ ń tà. Àmọ́ onílẹ̀ kọ́ ni ẹni tó ń dáko níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó gbà-máà-bínú tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ ti ilé, irè oko àti àtúnṣe tó wà lórí ilẹ̀. Ti ilẹ̀ gan-an kò ju owó ìyálẹ̀ ọdún náà lọ, bí ó bá wà. Lábẹ́ àṣà, ẹ̀wẹ̀, àgbẹ̀ àtìpó tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í gbin igi tí ń pẹ́ láìgba àṣẹ onílẹ̀, nítorí igi a máa di ẹlẹ́rìí. Àṣà ní kó má gbin igi. Òfin sì ń sanwó igi. Ibi méjèèjì ni àtìpó ti pàdánù.

Níta ọgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òǹrajà àti onílẹ̀ nìkan ló ń dúnàá dúrà. Igi òrí àti igi irúgbá tó wà ní agbègbè náà kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni gbìn. Wọ́n ń hù fúnra wọn nínú oko, àwọn obìnrin ló sì ń ṣa èso wọn láti fi ṣe òróró àti irú. Níbi tí wọ́n ti ń ka owó ilẹ̀, obìnrin tó ń ṣa èso kò ní àga.

Àwọn ilé ìgbé tí olówó àdáni kọ́ sínú ọgbà ti dín ìṣòro náà kù díẹ̀. Síbẹ̀, pulọ́ọ̀tì ń tà lọ ní Òkè-Odò. Nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti gbogbo yunifásítì pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé, yàrá sì ṣófo. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ a máa lọ́ràá sí i. Àgbàlá tí wọ́n ti da kọnkéré sí kò ṣeé kọ ebè sí, bó ti wù kí ilé tó wà níbẹ̀ ṣófo tó.