Etí Ibi Tí A Dí Lára Eyín

Ẹni tí eyín ń dùn ní Manigri mọ bí òru ti ń gùn tó. Ó ti fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó ti fi kànáfùrù há ihò náà, kò gbọ́. Níkẹyìn, ó gun zemijan lọ sí Bassila, bóyá kí ó tún wọkọ̀ kọjá ibẹ̀, kí ó tó rí oníṣègùn tó gbẹ́ ibi tó rà kúrò, tó sì dí ihò náà. Ara tù ú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, eyín kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ní oníṣègùn kò ṣe é dáadáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, etí ibi tí a dí ni ọ̀ràn wà.

Lórí gbogbo eyín ni ìdọ̀tí kan ti máa ń hù, tó fẹ́lẹ́, tó sì ń yọ̀. Ahọ́n ń mọ̀ ọ́n lówùúrọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló kóra jọ síbẹ̀. Bí a bá jẹ ohun dídùn, wọn á sọ ṣúgà rẹ̀ di omi kíkan tó ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ odó mọ èyí tó kù: iyán kì í pẹ́ níbi tó ń dán, inú ibi tó sán ló ń há sí.

Ohun tí a fi ń dí eyín kò rí bákan náà. Àmágáàmù, tó dúdú bí òjé, jẹ́ fàdákà, bàbà àti irin mìíràn tí a fi mẹ́kúrì pò. Mẹ́kúrì, irin olómi inú ẹ̀rọ ìwọn ibà àtijọ́, tó bí ìdajì rẹ̀. Ohun tó ń jáde lára irin wọ̀nyí máa ń ká kòkòrò lọ́wọ́ kò díẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́kúrì. Àdéhùn Minamata ti 2013, tí Benin wà nínú rẹ̀, ní kí a dín ìlò àmágáàmù kù. Ní 2022, a fi kún un pé kí a má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, fún aboyún tàbí ìyá ọlọ́mú, àfi bí oníṣègùn bá rí i pé ó pọn dandan.

Rẹ́sínì, tó funfun bí eyín, ló ń wu ojú jù. Ó rọ̀ bí ìda nígbà tí a ń fi í sínú ihò, iná aláwọ̀ búlúù ló ń mú un le. Bí ó ti ń le ni ó ń súnkì, àlàfo tín-ín-rín sì lè ṣẹ́kù létí rẹ̀. Bí a kò bá ha á kí ó dán, tàbí bí jíjẹ bá ti sọ ojú rẹ̀ di gbágungbàgun, ìdọ̀tí á kó jọ sórí rẹ̀ ju ti orí àmágáàmù lọ. Ẹwà rẹ̀ kò dín iṣẹ́ ẹni tó ni eyín kù rárá.

Símẹ́ǹtì gíláàsì kì í dán tó rẹ́sínì, ó sì ń yára jẹ. Ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n ó ń tú fulúọ̀ sílẹ̀, èyí tó ń mú eyín tó yí i ká le. Fulúọ̀ yìí ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ, ọṣẹ eyín tó ní fulúọ̀ sì ń dá díẹ̀ padà sínú rẹ̀, bí àgbẹ̀ ti ń rọ àgbàdo kún àká. Ẹni tó ti mọ̀wé kà lè wá ọ̀rọ̀ náà, fluor, lára páálí kí ó tó sanwó lọ́jà.

Símẹ́ǹtì yìí bá ìgbèríko Bassila mu, níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé gbogbo abúlé. Ní àwọn ọdún 1980, ní Tanzania, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan ha ibi tó rà kúrò. Símẹ́ǹtì gíláàsì ni a sábà fi ń dí i lónìí. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Ẹni tó jókòó síwájú oníṣègùn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí eyín rẹ̀, àti bóyá wọn yóò ha ojú rẹ̀ kí ó dán. Kí aboyún sọ pé òun lóyún. Nílé, etí ibi tí a dí ni kí búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín ti pẹ́ jù, pàápàá lálẹ́, torí itọ́ tó ń ṣan ẹnu máa ń dín kù lójú oorun. Bí oúnjẹ bá ń há síbi kan náà lójoojúmọ́, kí a padà lọ kí ìrora tó dé. Etí tó ṣí díẹ̀ ṣeé tún dí. Èyí tó bá ti jẹ dé iṣan eyín, yíyọ ló sábà ń kù fún un.