Ìlú Kékeré Tí Ìwé Àlòkù Gbé Dìde

 Ní àkókò ìsinmi, àwọn kan nínú wa ní Oko-Akarè a máa lọ kí ẹbí ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kòtónù. Àwọn mìíràn sì ní ọmọ ní òkè òkun. Lónìí, a fẹ́ mú yín dé ìlú kan tí àwọn ènìyàn ń lọ lo ìsinmi nítorí ìwé àlòkù.

Hay-on-Wye ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní Wales, ní bèbè odò Wye, níbi tí Wales ti bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà. Ẹni tí ó bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ yóò wọ ọkọ̀ ojú irin dé Hereford, yóò sì wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, nítorí pé láti ìparí ọdún 1962 ni ọkọ̀ ojú irin kò ti dé Hay mọ́. Àwọn ará ìlú náà kò ju nǹkan bí 2,000 lọ.

Ní ìgbà náà gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Booth, sọ ilé àwọn panápaná àtijọ́ di ilé ìtàwé. Bí àwọn ilé ìkàwé bá ń kógbá sílé ní Amẹ́ríkà, òun a ra ìwé wọn, a sì fi ọkọ̀ òkun kó wọn wá. Àwọn ẹlòmíràn náà ṣí tiwọn; àní ilé sinimá di ilé ìtàwé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977, Booth fi ara rẹ̀ jọba Hay. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àlejò ń wọ́ wá. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé níbẹ̀. Booth kú ní ọdún 2019. Ìwé kò kúrò ní ìlú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi àtijọ́, pẹpẹ ìwé wà ní gbangba láìsí olùṣọ́: ẹni tí ó bá mú ìwé yóò fi owó sínú àpótí.

Ní ọdún 2007, Hay yan Timbuktu ní ilẹ̀ Mali ní ìlú ọ̀rẹ́. Yíyàn náà tọ́. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, arìnrìn-àjò Leo Africanus kọ ọ́ pé ní Timbuktu, èrè orí ìwé ju ti ọjà yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ń jogún ìwé àfọwọ́kọ láti ọ̀dọ̀ baba dé ọmọ. Nígbà tí àwọn jagunjagun gba ìlú náà ní ọdún 2012, wọ́n kó ìwé sínú àpótí onírin, wọ́n sì gbé wọn sá lọ sí Bamako, òmíràn lórí ilẹ̀, òmíràn lórí odò Ọya. Díẹ̀ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n dáná sun ní oṣù kìíní ọdún 2013.

Àwa ńkọ́? Nínú ilé kan, ìwé ẹ̀gbọ́n tí ó ti ṣe tán wà lábẹ́ ibùsùn tí ikán ń jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n máa ya á fi pọ́n àkàrà. Ní ilé kejì, ọmọ ń lọ sí iléèwé láìní ìwé, nítorí pé owó tuntun kò sí. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ti kà tán, tuntun ni fún àbúrò.

Nítorí náà, kí iléèwé tó wọlé, ẹ kó ìwé inú ilé jáde. Ẹ pa ohun tí a fi lẹ́ẹ̀dì kọ sínú wọn rẹ́, ẹ fi bébà bò wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n fún aládùúgbò, tàbí kí ẹ tà wọ́n ní ẹ̀dínwó. Ẹni tí yóò ra àlòkù ní ọjà, kí ó kọ́kọ́ bi olùkọ́ léèrè irú ìwé tí kíláàsì ń lò. Kí ó wo ojú-ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn dáradára, nítorí ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ ya.