Ṣé O Mọ̀? Tsushima Inú Géèmù àti Tsushima Tòótọ́

Ṣé o mọ̀ pé erékùṣù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gẹṣin káàkiri rẹ̀ nínú géèmù Ghost of Tsushima wà lójú òkun lóòótọ́? Àárín Japan àti Kòríà ni Tsushima wà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Nagasaki ló sì wà. Nǹkan bíi kìlómítà 50 péré ló jìnnà sí Kòríà, débi pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ará erékùṣù náà lè dúró lókè kó máa wo ìlú Busan lọ́ọ̀ọ́kán. Ibi tó wà yìí ló kó o sí wàhálà. Ẹni tó bá gbógun ti Japan láti Kòríà, ilẹ̀ Tsushima ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀.

Ṣé o mọ ọdún tí ogun àwọn Mongol dé síbẹ̀? 1274 ni. Kublai Khan, olórí àwọn Mongol, ọmọ-ọmọ Genghis Khan, ti ránṣẹ́ sí Japan léraléra pé kí wọ́n wá forí balẹ̀ fún òun. Wọn ò dá a lóhùn. Ló bá ní kí wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi ní Kòríà, ìwé ìtàn sì sọ pé nǹkan bíi 900 ọkọ̀ ló gbéra.

Ṣé o mọ ẹni tó dúró dè wọ́n? Sō Sukekuni lorúkọ rẹ̀, òun ló ń bójú tó erékùṣù náà nígbà yẹn. Àgbàlagbà ni, ìtàn wọn ní ẹni ọdún 68 ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó rí kó jọ kò ju 80 lọ. Ọkùnrin yìí rí ọkọ̀ tó bo ojú òkun, ó mọ iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn òun, síbẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun Komoda. Ibẹ̀ ló kú sí, òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e.

Wàyí o, ṣé o mọ̀ pé orúkọ Sukekuni kò sí nínú ìtàn tí géèmù náà sọ? Jin Sakai ni akọni tibẹ̀, arákùnrin ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shimura ló sì ń ṣàkóso erékùṣù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé ayé rí. Khotun Khan tí wọ́n ń bá jà náà, àròsọ ni. Àwọn balógun tòótọ́ kì í ṣe Mongol nìkan: ará Ṣáínà wà níbẹ̀, ará Kòríà sì wà níbẹ̀, bíi Kim Bang-gyeong. Géèmù kò jẹ́ kí a rí ìyẹn dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé idà katana tí Jin ń fà yọ kò tíì di idà àwọn jagunjagun Japan nígbà náà? Idà tachi ni wọ́n ń lò, ọfà orí ẹṣin sì ni ohun ìjà tí wọ́n fi ń yangàn jù. Ewì haiku tí Jin máa ń jókòó sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ńkọ́? Ó tó 400 ọdún lẹ́yìn ogun yìí kí akéwì Bashō tó sọ irú ewì kúkúrú bẹ́ẹ̀ di olókìkí.

Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tí àwọn Mongol ń jù nínú géèmù kì í ṣe irọ́. Jagunjagun kan tó ja ogun náà, Takezaki Suenaga, jẹ́ kí wọ́n ya ohun tí ojú rẹ̀ rí sórí ìwé gígùn tí wọ́n ń ká bí ẹní. Bọ́ǹbù tó ń bú gbàù wà nínú àwòrán náà. Nígbà tó yá, àwọn awalẹ̀pìtàn rí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá erékùṣù Takashima.

Ilé iṣẹ́ Sucker Punch tó ṣe géèmù yìí, Amẹ́ríkà ló wà. Oṣù keje ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde. Wọn ò fi bò pé fíìmù Akira Kurosawa, olùdarí fíìmù ará Japan, ni àwọn ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Kódà wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tí ẹni tó ń ta á lè gbà sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun, orúkọ Kurosawa ni wọ́n sì pè é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ katana àti haiku kò bí mi nínú. Èyí tó dùn mí ni pé ilẹ̀ ṣófo níbi tó yẹ kí Sukekuni dúró sí.

Ṣé o mọ bí ogun náà ṣe parí lóòótọ́? Nínú géèmù, Jin ń gba ìlú padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀tá fi tẹ́. Ní ọdún 1274, kò sẹ́ni tó gba Tsushima sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ó ṣubú; ogun kọjá sí erékùṣù Iki, níbi tí Taira no Kagetaka tó ń bójú tó o kú sí, kó tó dé etíkun Hakata. Ibẹ̀ ni àwọn Mongol ti padà sẹ́yìn. Wọ́n tún wá ní ọdún 1281, ìjì líle sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn.

Síbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ire géèmù náà pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìjì wó ẹnu ọ̀nà torii kan ní ojúbọ Watatsumi ní Tsushima. Wọ́n tọrọ mílíọ̀nù 5 owó yen lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti tún un kọ́. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà gbọ́, wọ́n dá sí i, owó náà sì lé ní mílíọ̀nù 27. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olórí ìlú Tsushima kéde pé Nate Fox àti Jason Connell, méjì lára àwọn tó darí iṣẹ́ géèmù náà, di aṣojú ìrìn-àjò afẹ́ fún erékùṣù wọn.

Bí o bá tún gbé géèmù náà sí i lálẹ́ yìí, tí o dé etíkun níbi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, dúró díẹ̀, kí o dárúkọ Sō Sukekuni. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà ní Komoda. Lóṣù kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀ níbẹ̀: wọ́n á gbé ọrun, wọ́n á dojú kọ òkun, wọ́n á fa ọsán rẹ̀, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀ láìfi ọfà sí i.