Orúkọ tí kò sí nínú ìwé: ohun tó ń bí àwọn ajagunfẹ̀yìntì Bouaké nínú

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Côte d'Ivoire fi ọmọ ogun kan hàn níwájú Ààrẹ Alassane Ouattara. Ó ń tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní, ó sì ní wọn ò béèrè owó kankan mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ìbọn ti ń dún ní Bouaké. Àwọn tó wà ní bárékè ní àwọn kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dí ọ̀nà tó wọ ìlú, báńkì tìlẹ̀kùn, ìjà náà sì ràn dé Abidjan, Korhogo àti Daloa kí ìjọba tó gbà láti san ohun tí wọ́n ń béèrè.

Nǹkan bí 8,400 ọmọ ogun, ọlọ̀tẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti gbà wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjọba ti ṣèlérí mílíọ̀nù 12 fáránkì CFA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ti san mílíọ̀nù 5 nínú oṣù Kìn-ín-ní, mílíọ̀nù 7 tó kù ló wá di wàhálà, torí pé owó kòkó ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé lọ́dún náà, kòkó ni Côte d'Ivoire sì gbójú lé. Nígbà tí ìbọn dún tán, wọ́n san mílíọ̀nù 5 lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ní mílíọ̀nù 2 yóò tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù Kẹfà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníròyìn àgbáyé ti kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí i tí àwọn mìíràn tún jáde ní Bouaké, àwọn tí kò wọ aṣọ ológun. Ọlọ̀tẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tí ìjọba ti gba ìbọn lọ́wọ́ wọn tó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n dí ẹnubodè ìlú níhà gúúsù, wọ́n ní kí ìjọba fún àwọn náà ní tiwọn, nítorí ojú ogun kan náà ni àwọn àti àwọn tó gbowó jọ wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, ọlọ́pàá lọ tú wọn ká. Èèyàn mẹ́rin kú.

Kì í ṣe ìgboyà ló ya ẹgbẹ́ méjèèjì yìí sọ́tọ̀, kì í sì í ṣe iye ọdún tí wọ́n fi gbé ìbọn. Orúkọ ni. Orúkọ àwọn kan wọ ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun, ti àwọn kan kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìtàn Bouaké láti ayé àwọn Faransé títí di òní, ìwé yìí ni yóò máa bá pàdé. Èrò tèmi ni pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé orúkọ àti iye owó nìkan ni ìjọba fi ń mọ àwọn tó jagun fún un. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n kó gbọ́ bí wọ́n ṣe dàgbà, ohun tó gbé wọn dé ojú ogun, àti ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀. Ìbínú tó ń gbé èèyàn dúró sójú títì kò ṣẹ̀yìn èyí.

Bouaké wà ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ọ̀nà rélùwéè láti Abidjan dé ibẹ̀ lọ́dún 1912, ó sì sọ ìlú náà di ibi tí ẹrù àti èèyàn láti Mali, Burkina Faso àti Niger ti ń pàdé. Yorùbá pẹ̀lú wà lára àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ti pẹ́ tí Côte d'Ivoire ti di ilé kejì fún ọ̀pọ̀ ìdílé wọn. Ìlú ọjà ni Bouaké kó tó di ìlú ogun.

Owó sójà tí wọn ò san ni ìjọba àkọ́kọ́ tó ṣubú ní Côte d'Ivoire ṣubú lé lórí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn sójà tó ti lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Central African Republic lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jáde, wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, Ààrẹ Henri Konan Bédié ti pàdánù ipò rẹ̀, Ọ̀gágun Robert Guéï sì gba ìjọba. Ní ọdún 2002, lábẹ́ Ààrẹ Laurent Gbagbo, ìjọba fẹ́ dá nǹkan bí 750 sójà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọṣẹ́ ní àsìkò Guéï. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ìbọn dún ní Abidjan, Bouaké àti Korhogo lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Abidjan kò bọ́ sí i fún wọn, wọ́n sì pa Guéï fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bouaké àti Korhogo bọ́ sọ́wọ́ wọn. Guillaume Soro di olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, Bouaké sì di olú ìlú wọn.

Owó àti iṣẹ́ nìkan kọ́ ló fa ìjà yìí, yóò sì jẹ́ ìwà àìtọ́ sí àwọn tó jà á tí a bá sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ogun ni àwọn olóṣèlú ti ń pín ọmọ orílẹ̀-èdè sí ojúlówó àti ayédèrú. Ọlọ́pàá a dá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ àwọn ará àríwá dúró lójú ọ̀nà, wọ́n a sì máa wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ bíi pé ó jí i. Wọn kò jẹ́ kí Ouattara díje fún ipò Ààrẹ lọ́dún 2000, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó dara pọ̀ mọ́ ọlọ̀tẹ̀ ti mọ ohun tí ìwé lè ṣe fún èèyàn kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjìlá kan ní àdúgbò Koko, Sokoura tàbí Air France lọ́dún 2002. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni tíṣà rẹ̀, tíṣà sì ti sá lọ sí gúúsù. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tún ṣí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí ìjọba kò gbà síṣẹ́, ni wọ́n kọ́ ọ. Yunifásítì ìlú náà ti kó lọ sí Abidjan. Ní ọdún 2003, wọ́n fọ́ ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ BCEAO tó wà ní ìlú náà, wọ́n kó owó lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba ju bọ́ǹbù sí Bouaké. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, bọ́ǹbù bà sí ibùdó àwọn sójà Faransé tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Descartes, ó pa sójà Faransé mẹ́sàn-án àti ọmọ Amẹ́ríkà kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ní lo ọmọdé lójú ogun mọ́. Nígbà tí ogun parí pátápátá lọ́dún 2011, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọmọ yẹn. Inú ogun ló ti bàlágà.

Àdéhùn Ouagadougou ti oṣù Kẹta ọdún 2007 ló kọ́kọ́ fún ìlú náà ní ìsinmi. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún náà, Gbagbo àti Soro jọ dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré Bouaké. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwé. Ta ni yóò wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun? Ta ni yóò lọ sílé? Ọ̀gá wo ni yóò kọ orúkọ sílẹ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí ìjà ìbò láàárín Gbagbo àti Ouattara, èyí tó pa ohun tó lé ní 3,000 èèyàn, ń lọ lọ́wọ́, Ouattara pa àwọn ọlọ̀tẹ̀ àti ọmọ ogun ìjọba pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Láàárín ọdún 2012 sí 2015, àjọ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ ohun tó lé ní 60,000 èèyàn, ó sì wá ọ̀nà oúnjẹ òòjọ́ fún wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún un. Àmọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà lẹ́yìn ogun tó sì ń gbọ́ pé ẹlẹ́gbẹ́ òun ní bárékè gba mílíọ̀nù 12, ẹ má retí kó dákẹ́.

Kì í ṣe ìran yìí ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹlẹ̀ sí. Láti ọdún 1908, gómìnà Faransé tó ń jẹ́ Gabriel Angoulvant fi ipá gba ilẹ̀ Baoulé, ó sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Kò tó ọdún mẹ́wàá sí i tí Faransé kan náà tún ń gbé ìbọn lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, pé kí wọ́n lọ bá Jámánì jà. Ohun tó lé ní 160,000 ọkùnrin ni wọ́n kó láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ fún baálẹ̀ iye ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ mú wá. Gbogbo wọn ni wọ́n pè ní sójà Senegal, ibi yòówù kí wọ́n ti wá.

Nígbà ogun Hítílà, ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ìtúsílẹ̀, wọ́n kó wọn padà sí ibùdó Thiaroye lẹ́bàá Dakar, wọ́n sì béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n yìnbọn fún wọn. Èèyàn 35 ni Faransé ní ó kú, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di oṣù Keje ọdún 2024 kí Faransé tó ka mẹ́fà nínú wọn mọ́ àwọn tó kú fún Faransé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Ààrẹ Emmanuel Macron tó pè é ní ìpakúpa.

Àwọn tó padà dé ilé láàyè náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìwé. Òfin kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 de owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ tó ń gba òmìnira mọ́ ibi tó wà, nígbà tí ti àwọn sójà Faransé ń ga sí i. Amadou Diop, sájẹ́ǹtì ọmọ Senegal, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ó jàre lọ́dún 2001, àmọ́ ó ti kú ní 1996. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 pé àwọn tó kù lè máa gba owó ìrànwọ́ àgbàlagbà ní ìlú wọn láìjẹ́ pé wọ́n ń gbé ní Faransé fún oṣù mẹ́fà lọ́dọọdún, iye àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ju ogún àti díẹ̀ lọ.

Irú ìyà yìí kò mọ sí Áfíríkà. Félix Longoria, ọmọ ìran Mexico tó wá láti ìlú Three Rivers ní Texas, kú sójú ogun ní Philippines lọ́dún 1945. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé lọ́dún 1949, ilé ìsìnkú ìlú náà kò gbà kí wọ́n ṣe àìsùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí pé àwọn aláwọ̀ funfun kò ní fẹ́ ẹ. Dókítà Hector P. García, tóun náà jagun, gbé ariwo rẹ̀ dé etí sẹ́nétọ̀ Lyndon Johnson, wọ́n sì sin ín sí Arlington láàárín àwọn akọni Amẹ́ríkà. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 1999, Maggie Rivas-Rodriguez bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn ajagunfẹ̀yìntì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Texas. Kì í ṣe ọjọ́ ìjà nìkan ni wọ́n ń bi wọ́n. Wọ́n ń béèrè oko tí bàbá wọn ti ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti nà wọ́n nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn, àti irú ìlú tí wọ́n padà wá bá.

Àwa Yorùbá náà ní ẹ̀rí ohun tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Isaac Fadoyebo láti Èmùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní Bọ́mà, ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìbọn ọmọ ogun Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pa mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ará abúlé tó jẹ́ Mùsùlùmí sì ń bọ́ wọn nínú ewu. Fadoyebo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó sì jáde ní ìwé lọ́dún 1999. Ní ọdún 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ fún ìdílé tó gbà á là, wọ́n sì rí wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá kú. Ká ní kò kọ ọ́ ni, kò sí ìwé ìjọba kankan tí ìdílé náà ì bá ti jẹyọ.

Ní Côte d'Ivoire, ìgbìmọ̀ ìlàjà tí Charles Konan Banny darí gbọ́ ẹ̀rí ohun tó lé ní 70,000 èèyàn. Wọ́n fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ààrẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, àmọ́ ọdún 2016 ni àwọn aráàlú tó rí i kà. Ohun tí wọ́n fi ṣe èèyàn ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà dá lé, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí pé àwọn tí ogun fìyà jẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ẹni tó gbé ìbọn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì le ju èyí lọ, torí pé nígbà mìíràn, ẹni kan náà ni wọ́n fìyà jẹ tóun náà sì fìyà jẹ ẹlòmíràn.

Yunifásítì Bouaké, tó ń jẹ́ Alassane Ouattara báyìí, ti padà sílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó gbé ìbọn ní 2002 ti tó ọmọ ogójì ọdún, ó sì ṣì ń gbé ní ìlú náà tàbí ní abúlé tó yí i ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Baoulé àti Dioula kò wọ́n níbẹ̀, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sì wà lápò wọn. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí orúkọ wọn kò wọ ìwé kankan, kí wọ́n bi wọ́n ní kíláàsì tí wọ́n wà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tì, ẹni tó wá pè wọ́n, ẹni tí wọ́n jọ lọ tí kò bá wọn padà, àti ohun tí wọ́n ṣe tí wọn ò tíì sọ fún ìyàwó tàbí ọmọ. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìdílé wọn, kí wọ́n má sì ṣèlérí owó kankan fún wọn.