Adìyẹ Ń Làágùn Bí? Ohun Tó Yẹ Kí Olósìn Mọ̀ Nípa Ìyẹ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà bá ẹni tó ń jìyà tí kò pariwo mu. Ṣùgbọ́n tí a bá wo adìyẹ fúnra rẹ̀, kì í làágùn rárá, torí kò ní ihò òógùn lára bíi tiwa. Ẹnu ló máa ń là, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru lè jáde. Ẹni tó bá ń kó adìyẹ láti abúlé wá sí ọjà Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí díẹ̀ sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú àgò, ìyẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ mú ìyẹ́ apá àkùkọ kan. Ọ̀pá kan wà láàárín rẹ̀. Ìdí ọ̀pá yìí ṣófo bí ọwọ́ ewé ìbẹ́pẹ. Lókè, nǹkan funfun tó fúyẹ́ bíi fóòmù ló kún inú rẹ̀, èèpo líle sì bò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúwo, tó sì lè tẹ̀ láìkán. Kẹ́rátìn ni wọ́n ń pe ohun tó di ìyẹ́, ó sì bá ohun tó di èékánná àti irun orí wa tan.

Láti ara ọ̀pá náà ni ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ti yọ sí ọ̀tún àti òsì. Àwọn ẹ̀ka yìí tún ní ẹ̀ka tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní ìkọ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé bí ìyẹ́ ṣe rí lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìkọ́ wọ̀nyí ló ń di ẹ̀ka mọ́ra bíi sípù. Ẹ fa ìyẹ́ náà ya, kí ẹ wá fi ìka méjì fà á láti ìdí dé orí, yóò tún dì padà. Ohun tí adìyẹ ń fi ẹnu ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Á mú òróró láti inú kókó tó wà lókè ìrù rẹ̀, á sì fi pa ara.

Ooru ni ewu àkọ́kọ́. Ara adìyẹ gbóná tó ìwọ̀n 41 sí 42, nígbà tí tiwa jẹ́ 37. Ìyẹ́ ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lára bí aṣọ òtútù. Èyí dára nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n nínú àgò tó kún fọ́fọ́ lábẹ́ oòrùn, ikú ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ díẹ̀, kí ẹ gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì fún wọn lómi.

Ibí yìí ni abọ́lọ́rùn, tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, àti asa, tí ìyẹ́ rẹ̀ yí padà sẹ́yìn, ti sàn ju èyí tó kù lọ. Ooru ara wọn tètè ń jáde. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé àyípadà kékeré nínú ohun àjogúnbá kan ṣoṣo ló ń tẹ ọ̀pá ìyẹ́ asa. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àmì burúkú. Ẹni tó bá tìtorí ìrísí wọn dín owó wọn kù ń ṣe ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé asa kò fẹ́ òjò àti ọyẹ́.

Òjò ni ewu kejì. Ìyẹ́ òròmọdìyẹ rọ̀ bí òwú, kò ní ìkọ́ tó lè dì í, bẹ́ẹ̀ ni òróró ara rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń mú un gbóná ti lọ nìyẹn. Òjò kan ṣoṣo lè pa gbogbo ọmọ abẹ́ ìyá kan. Kí òjò tó ṣú, ẹ kó wọn wọlé.

Ọ̀bẹ ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ ń gé ìyẹ́ apá awó kó má baà fò lọ. Ìyẹ́ tó ti gbó kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, gígé rẹ̀ kò dun ẹyẹ ju bí gígé èékánná ṣe ń dùn wá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí ìdí rẹ̀ dúdú tàbí tó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ẹyẹ náà lè ṣẹ̀jẹ̀ kú. Ẹ kọ́kọ́ gbé apá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò. Apá kan náà ni kí ẹ gé, kó má lè dọ́gba tó bá fẹ́ fò. Èyí tí ẹ gé kò ní hù padà títí ẹyẹ náà yóò fi pààrọ̀ ìyẹ́.

Òwe àwọn àgbà kò ṣàṣìṣe. Ohun tó ń ṣe adìyẹ, abẹ́ ìyẹ́ ló wà. Ẹni tó bá ń tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ wò kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.