Jẹ̀díjẹ̀dí: ẹ lè gba ìtọ́jú láìsí iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì tètè padà sí ṣọ́ọ̀bù

Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí gan-an ló ń ba ọ̀pọ̀ oníṣòwò lẹ́rù, ọ̀bẹ dókítà ni. Télọ̀ tó ń jókòó sídìí máṣíìnì látàárọ̀ dalẹ́, tàbí ìyá aláṣọ tó ń fún ìgbẹ́ mọ́ra nítorí pé ọjà wọn kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, lè máa rí ẹ̀jẹ̀ nídìí ìgbẹ́ fún oṣù mélòó kan kó má sọ fẹ́nì kan. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nílé. Ta ni yóò bá wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù? Bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ nìyẹn, igo kan lónìí, igo mìíràn lọ́la. Owó ń jáde, ẹ̀jẹ̀ náà ń jáde.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí kò nílò ọ̀bẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ihò ìdí ló ń wú, pàápàá bí ìgbẹ́ bá ń le tí èèyàn sì ń fi agbára tì í. Ṣúgà tí gbogbo wa ń bú kọ́ ló ń fà á.

Nínú ìtọ́jú tí kò la ọ̀bẹ lọ, rọ́bà lọ̀pọ̀ dókítà ń lò jù. James Barron, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lọ́dún 1963. Wọ́n á fi irinṣẹ́ kékeré kan so rọ́bà mọ́ ìdí ibi tó wú nínú, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè débẹ̀ mọ́, yóò gbẹ, yóò sì já bọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Inú lọ́hùn-ún kì í mọ ìrora bí ìta, nítorí náà kì í sábà gba abẹ́rẹ́ oorun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, aláìsàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìdí lè wúwo díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè yọ. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tí ìrora bá le, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde, ẹ sáré padà. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú un sún kì náà wà fún èyí tó kéré, wọ́n sì tún máa ń fi ooru iná kan jó o. Èyí tó yọ síta tí kò wọlé mọ́ lè gba iṣẹ́ abẹ ṣá. Bí ẹ kò bá sì jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, kí ẹ mu omi dáadáa, ó lè padà wá.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́: kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbo kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó ra igo mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní irinṣẹ́ rọ́bà yìí. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè iye owó àti iye ìgbà tí ẹ máa wá, torí ó lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ yá.